Àwòrán Ọkọ̀ Tó Dúró

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ka ìròyìn kan sí mi létí láti inú fóònù rẹ̀. Ó ní ní òkè òkun, àwọn ọlọ́pàá ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè títì, tó ń yọjú wo inú ọkọ̀ bí ọkọ̀ ti ń kọjá lọ, tó sì ń mú awakọ̀ tó bá ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ nídìí sìtíárì. Inú rẹ̀ dùn sí i púpọ̀. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìjọba wa rà. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un tó mú kí n gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ènìyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Gbólóhùn yẹn gan-an, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin níbí, nígbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba, tí kò sí ẹnì kan láàrin wa tó mọ ohun tí à ń pè ní àtẹ̀jíṣẹ́. Gbólóhùn náà gba ìwé ìwakọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ìwé náà kò padà wá mọ́.

Agboolé àwọn àlùfáà ni a bí wa sí. Baba wa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Èmi ni wọ́n fi sí ilé ìwé, mo sì di olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ìwé girama kan tí kò jìnnà sí Challenge, ní Ìlọrin níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kéwú dé ibi tó lápẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló wù ú. Baba wa kò bá a jà. Ohun tó sọ fún un ni pé, "Bí o bá di awakọ̀, má jẹ́ kí ọkọ̀ wa ìwọ." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé orí bí láwàní. Bọ́ọ̀sì funfun kan ló ń wà láti ọjà Ìpàtà sí ìlú Malété, ó sì wà á títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bí ọkọ̀ náà, láìsí ẹni tó lè sọ pé òun fi ara pa nínú rẹ̀.

Àṣà kan wà nílé wa tí mo gbọ́dọ̀ là yé ẹni tó ń kà á, nítorí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. A kì í ṣe àdúà ìrìnàjò láàrin ariwo. Nígbà tí baba wa bá ń lọ sí ìgbèríko fún wáàsí, kì í ṣe é nínú ilé, kì í ṣe é lọ́jà. Ìgbà tó bá dé ibi tí ilé ìlú tán sí, tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa, níbẹ̀ ni yóò ti dúró. Dídúró yẹn ṣe pàtàkì. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run lórí ìrìn, ó jọ ẹni tó ń kí ọba láti ẹ̀yìnkùlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Bí èrò bá ti kún ní Ìpàtà, yóò wakọ̀ dé ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí igi dógóyárò ńlá kan wà. Yóò yà kúrò lójú títì, táyà ọ̀tún yóò wọ koríko. Yóò pa ẹ́ńjìnnì. Yóò fa búréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, yóò ka Fátíà, yóò ṣe àdúà, gbogbo ọkọ̀ yóò ṣe àmín, wọn yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó tún ọkọ̀ ṣí. Mo wọ ọkọ̀ yẹn títí mo fi mọ òórùn koríko ibẹ̀.

Ara àwọn èrò kan kì í gbà á.

"Àáfà, ṣé ọkọ̀ ni a wọ̀ ni, àbí mọ́ṣáláṣí?"

"Méjèèjì ni. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo sì gbà."

"Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ti kọjá o! Yóò ti jẹun tán ní Malété kí àwa tó dé."

"Bó bá dé, yóò jẹun. Ẹ ṣe àmín fún un."

Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ṣe àmín. Àwọn tó ń ráhùn yìí kan náà, bí wọ́n bá dé gáréèjì lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò máa bèèrè.

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọlọ́pàá ojú pópó gbé ẹ̀rọ tuntun dé. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e dé dára. Àwọn awakọ̀ wa ti ń wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà. Mo fi ojú ara mi rí èyí tó ń bó ọsàn nídìí sìtíárì, tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ kan, tí ọsàn wà lọ́wọ́ kejì, tó ń fi orúnkún tọ́ ọkọ̀. Mo rí èyí tó tẹ́ ìwé ìròyìn sójú gíláàsì tó ń ka eré bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá sórí rédíò, ó ní àsìkò irú wọn ti tán. Ó ní àwọn ti ní kámẹ́rà tó lè rí ọwọ́ awakọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sí lórí sìtíárì, àwòrán rẹ̀ ni yóò pè é lẹ́jọ́.

Mo rí kámẹ́rà náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró, ojú rẹ̀ gùn bí ẹnu ìbọn. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà ní Ìlọrin, ìpẹ̀kun ìlú ni wọ́n gbé e sí, ní òdìkejì igi dógóyárò ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn ògiri ilé kan tí wọn kò kọ́ parí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti máa ń gbàgbé ara wọn, nítorí ọlọ́pàá kì í sábà dé ibẹ̀. Ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí awakọ̀ yòókù ti ń gbàgbé ara rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń rántí Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Wọ́n dá a dúró ní Challenge láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ránṣẹ́ sí mi nílé ìwé, mo bá a níbẹ̀. Ọ̀gá tó wà ní àgọ́ náà kò dàgbà tó àbúrò wa tó kéré jù. Ó fi àwòrán kan lélẹ̀ lórí tábìlì, ó yí i kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ funfun náà ló wà níbẹ̀, èrò kún inú rẹ̀, awakọ̀ sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Bàbá, ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ṣé ó wà lórí sìtíárì?"

"Kò sí níbẹ̀. Àdúà ni mo parí, mo ń ra ojú. Ọkọ̀ dúró."

"Níbo ni àwòrán ti sọ pé ó dúró?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwòrán náà, ó wò ó dáadáa, ó dá a padà. "Níbo ló ti sọ pé ó ń lọ?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó wojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a rín in. "Awakọ̀ wà nídìí ọkọ̀, èrò kún inú rẹ̀. Bàbá, ṣé àga ìjókòó ni ẹ ń yá wọn ni? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yọ ara wa lẹ́nu. Ènìyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Mo dá sí i. Mo ní àwòrán kì í rìn, kò lè sọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ tó dúró àti èyí tó ń sáré. Mo ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àwòrán: wọ́n ti gé e níbi táyà, koríko tó yẹ kó jẹ́rìí gbè wa ti bá ọ̀bẹ lọ. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà Yorùbá. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ òwe o."

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn náà ni pé ó wa ọkọ̀ èrò láìfi ọwọ́ kan sìtíárì. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ yóò bọ́. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀gbọ́n mi lè rò pé oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni ìwé yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ní oko, a kò sì kú fún ebi. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí tó fi ń dá baba wa lóhùn nínú sàréè pé ọkọ̀ kò wa òun.

Mo lọ sí Ìpàtà láti wá ẹlẹ́rìí. Mo rò pé yóò rọrùn, nítorí mo mọ gbogbo àwọn tó máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bá oníṣòwò àgbàdo kan, ẹni tí ohùn àmín rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo ọkọ̀ lọ.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n yín? Ọlọ́run yóò yọ ọ́ o. Wọn kò ní í rí i gbé ṣe."

"Àmín. Ṣé ẹ óò wá sọ ohun tí ẹ rí?"

"Ọjọ́ wo ni?"

Mo dá ọjọ́ fún un.

"Yéè. Ọjọ́ ọjà ni. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ pé mò ń gbàdúrà fún un."

Ẹlòmíràn, ọlọ́pàá ni kò fẹ́ rí. Ẹlòmíràn, ọkọ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ó dé kóòtù. Gbogbo wọn ló gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi. Àdúà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ju àgbàdo lọ. Nínú gbogbo ẹnu tó ń ṣe àmín nínú ọkọ̀ yẹn láti ọdún pípẹ́, kò sí ẹyọ kan tó fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, kì í sì í ṣe ọ̀kan lára wa. Ìyá aláṣọ kan ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tó ti ń gbé Ìlọrin láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó, tó máa ń gbé aṣọ lọ tà ní Malété. Ó ní, "Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sẹ́yìn Àáfà gan-an. Kí ló dé tí n ò ní í sọ ọ́? Ṣé wọ́n fẹ́ jẹ ẹnu mi ni?"

Ọ̀rọ̀ kan wá ṣẹ́ kù, èyí tó le jù. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé Àlùkùránì búra kó tó sọ̀rọ̀. Nílé wa, a kì í gbé Àlùkùránì búra lórí ohun ayé. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baba wa nígbà kan nítorí pé ó kọ̀ láti búra. Ó ní ìwé tí òun fi ń kọ́ ọmọ, òun kò ní í fi ra ilẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, a jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni ẹ fẹ́ búra lé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Ó ku ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ dúró. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò bá tó wọn, kí ni mo fẹ́ máa gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dúró fún un bí ẹni fi wúrà dúró fún gbèsè?"

"Wọn yóò gba ìwé yín."

"Wọn yóò gba ìwé ìjọba. Ìjọba ló ni ín."

Mo bínú, mo dìde. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ìgboyà ni mo rí lọ́jọ́ yẹn tàbí agídí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó gbé kámẹ́rà dé Ìlọrin kò bi ẹnikẹ́ni léèrè irú ènìyàn tó ń gbé Ìlọrin.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ìyá aláṣọ fi aṣọ òkè rẹ̀ tó dára jù wá. Ó gbé Bíbélì, ó búra, ó sọ pé ọkọ̀ dúró pátápátá, ẹ́ńjìnnì kú, Àáfà sì wà lórí àdúà. Ó sọ ọ́ kedere. Mo rí i tí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò ìjọba wá dìde. Ó rọra rìn bí ológbò.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹlẹ́sìn wo ni yín?"

"Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí."

"Nígbà tí Àáfà ń ṣe àdúà, ẹ̀yin náà ń gbàdúrà?"

"Mo ń gba tèmi ní orúkọ Jésù. Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ ọ."

"Ó dára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, bí ẹ bá ń gbàdúrà, kí ni ẹ máa ń fi ojú ṣe?"

"A máa ń dì í."

"Ẹ di ojú lọ́jọ́ náà?"

"Mo dì í. Ta ni yóò lajú sílẹ̀ gbàdúrà?"

"Ẹ di ojú." Ó yíjú sí adájọ́, ó tẹ orí ba. "Ẹlẹ́rìí tó di ojú, Olúwa mi, ló wá sọ fún wa pé ọkọ̀ kò rìn."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aláṣọ gbaná jẹ.

"Mo di ojú, ṣé mo di ìdí ni? Ìdí tí mo gbé lé àga ọkọ̀ láti ogún ọdún kò ní í mọ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ? Ìwọ ọmọ yìí, bí ìyá rẹ bá pọ̀n ọ́, tí o sùn, ṣé o kì í mọ ìgbà tó bá dúró?"

Òtítọ́ tó gbó jù tí mo tíì gbọ́ nínú kóòtù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti pa á. Àwọn ọlọ́pàá ń gbá ara wọn léjìká. Akọ̀wé kóòtù ń fi ìwé bo ẹnu. Adájọ́ ń lu tábìlì pé kí wọ́n dákẹ́, èmi sì rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tiwa tilẹ̀ ta, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n rà á.

Wọ́n gbé Àlùkùránì wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí ìwé náà, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbà á.

Ó ní, "Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láìbúra. Nílé wa, a kì í fi èyí gba ara wa sílẹ̀."

Adájọ́ ní ó lè sọ̀rọ̀ láti ibi tó dúró sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aláìbúra kò wúwo lójú òfin. Ẹ̀gbọ́n mi sọ tirẹ̀ ní ṣókí: ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣe àdúà, ó ra ojú. Agbẹjọ́rò ìjọba kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó kàn gbé àwòrán náà sókè kí gbogbo kóòtù lè rí i, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ọkùnrin tó ń gbàdúrà ní gbogbo ìpẹ̀kun ìlú, kí ló dé tó fi ń bẹ̀rù Àlùkùránì?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Kíkùn ló gba gbogbo ẹ̀yìn wa, mo sì mọ̀ pé àwọn ará wa ni wọ́n ń kùn, àwọn ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti dá. Àwọn tó ń kùn yẹn ti dá a tán kí adájọ́ tó la ẹnu. Adájọ́ ní ẹ̀rọ kò ní ìdí láti purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ èrò mọ́ títí àwọn aláṣẹ yóò fi rí i pé ó yẹ. Àwọn aláṣẹ kò rí i rí.

Wọ́n wá kí wa nílé o. Oníṣòwò àgbàdo wá, àwọn yòókù wá. Wọ́n jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àmín. Nígbà tí gbogbo wọn fi ọwọ́ ra ojú, mo rí i pé òun kò ra tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Kò gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ṣe àdúà níbikíbi, níbi ìsìnkú, níbi ìsọmọlórúkọ, kì í ra ojú mọ́. Bọ́ọ̀sì náà wà níwájú ilé, adìẹ ń yé sábẹ́ àga rẹ̀.

Ó tó ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí ìbátan wa kan tó kú ní Malété. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ ní Ìpàtà, a jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, eré rẹ̀ pọ̀. Bí a ti dé ìpẹ̀kun ìlú, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Dírẹ́bà, àdúà o!" Ọmọ náà kò dúró. Bí ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ṣe àdúà wàràwàrà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú níwájú ẹ̀rọ àwọn ọlọ́pàá gan-an. Kámẹ́rà náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú so ojú rẹ̀, eruku ti bò ó. Ọlọ́pàá kan jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì juwọ́ sí awakọ̀ wa bí ọ̀rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi, dúró kí o tó ṣe àdúà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

Ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Kò mọ̀ ọ́n. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ wà ni?"

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo fẹ́ dá a lóhùn bó ti yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

Ó ní, "Rárá o. Èmi kò mọ̀ ọ́n wà. Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí i."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan, ó sì ń wo ọ̀nà fún ọmọ náà títí a fi dé Malété.